Orúkọ Ẹnì Kan Lórí Ilẹ̀ Gbogbo Ìdílé: Bí A Ṣe Ń Wá Ìtàn Ilẹ̀ àti Ẹbí Nínú Ìwé Àtijọ́

Ẹni tó bá ti bá ìdílé rẹ̀ dé kóòtù rí nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ yóò mọ̀ pé ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí lọ́yà kì í jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun. Ta ló kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ náà? Ọ̀nà wo ló gbà di tirẹ̀, ṣé ogun ló fi gbà á ni, ṣé wọ́n fún un ni, àbí igbó dídí tí kò ní olúwa ló bá níbẹ̀? Ta ló jogún rẹ̀, ta ló tún jogún ẹni yẹn, títí tó fi kan ẹni tó dúró níwájú adájọ́? Àgbàlagbà tó wà nínú àpótí ẹlẹ́rìí lè dáhùn méjì àkọ́kọ́ láìwo ẹ̀yìn. Ìkẹta ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá ka orúkọ mẹ́rin, tó sì fo ẹnì kan láàárín, ìtàn náà ti já nìyẹn, ilé-ẹjọ́ sì lè torí ẹ̀ da ẹjọ́ náà nù, bó ti wù kí ìdílé ọ̀hún ti pẹ́ tó lórí ilẹ̀ náà.

Kì í ṣe pé àwọn bàbá wa ò mọ ìtàn í sọ. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn, kì í ṣe kóòtù ni wọ́n ní lọ́kàn. Orúkọ akọni ni wọ́n ń pè, àti orúkọ ẹni tó lówó, tó bímọ, tó jagun. Ẹni tó jẹ́ olórí ìdílé fún ọdún kan péré kó tó kú, tàbí ọmọbìnrin tó di ilé mú nígbà tí àwọn ọkùnrin wà lójú ogun, ìtàn lè má dárúkọ wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ìdílé kan fi ń lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé láti wá orúkọ tí ẹnu ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìwé pẹ̀lú máa ń gbàgbé. Ó tilẹ̀ máa ń gbàgbé lọ́nà tó burú ju ti ẹnu lọ, nítorí pé ohun tí ìwé bá gbàgbé, òǹtẹ̀ ìjọba ló máa ń wà lórí ìgbàgbé náà. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Erékùṣù Èkó.

Orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ ti sọ̀tàn: àwọn tó ti Ẹ̀pẹ́ wá ló tẹ̀dó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé mọ ibẹ̀ nítorí pé níbẹ̀ ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní oṣù kẹfà ọdún 1994, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àádóje ọdún ṣáájú ìyẹn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ gba Ẹ̀pẹ́ lọ pẹ̀lú àwọn jagunjagun rẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Òṣòdì Tápà, ọmọ Núpé tí ọgbọ́n àti akin rẹ̀ ti gbé dé ipò olóyè ńlá l'Ékòó. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ, ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Lọ́dún 1862, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ láàyè láti padà wálé. Wọ́n fún Òṣòdì nílẹ̀ tí yóò kó àwọn èèyàn rẹ̀ sí, ọmọ-ogun, ìyekan, ìyàwó, ẹrú, gbogbo wọn. Agboolé mọ́kànlélógún ni wọ́n pín ilẹ̀ náà sí, olórí kọ̀ọ̀kan sì wà fún agboolé kọ̀ọ̀kan.

Òṣòdì Tápà kú lọ́dún 1868. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba amúnisìn kọ ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Crown Grant fún àwọn olórí agboolé wọ̀nyí. Ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Lójú òyìnbó tó kọ ìwé náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni ilẹ̀, ó lè tà á, ó lè fi yáwó, ó sì lè fi sílẹ̀ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ nìkan. Lójú àwọn tó ń gbé inú agboolé, olórí ni onítọ̀hún, ó kàn ń bá gbogbo wọn dì í mú ni. Orúkọ ẹyọ kan ló wà lórí ìwé, ìdílé tó wà nínú ọgbà náà sì lè tó mẹ́wàá. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ yẹn kú, àwọn ọmọ rẹ̀ mú ìwé jáde, wọ́n ní bàbá àwọn ló nilẹ̀. Àwọn ará ilé yòókù ní irọ́ ni, bàbá tiwọn náà wà nínú ọkọ̀ tó ti Ẹ̀pẹ́ dé. Àwọn ará ilé Òṣòdì náà ní ẹ̀tọ́ kan ṣì kù sọ́wọ́ àwọn lórí gbogbo ilẹ̀ náà, nítorí pé nítorí bàbá àwọn ni wọ́n ṣe rí i gbà.

Ẹjọ́ rẹpẹtẹ ló ti ibẹ̀ jáde. Èyí tó wà láàárín Sunmonu àti Disu Raphael dé ọ̀dọ̀ Privy Council, ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, lọ́dún 1927. Ohun tí àwọn adájọ́ náà sọ ni pé ìwé tí wọ́n kọ ní èdè òfin òyìnbó kò sọ ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ní papọ̀ lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ di ti ẹnì kan. Ní 1930, òmíràn tún dé ibẹ̀, ti Sakariyawo Oshodi àti Moriamo Dakolo. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú ìjọba. Wọ́n ní kí Sir Mervyn Tew ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó, ó sì kọ àbọ̀ rẹ̀ ní 1939. Ìyẹn ni wọ́n gbé lé nígbà tí wọ́n ṣe àwọn òfin ilẹ̀ ọdún 1947, tí òfin kan nínú wọn dá lórí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nìkan. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín 1869 àti 1947 wò. Ìran mẹ́ta ló fi fa ìwé kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ìwé yẹn kì í ṣe ayédèrú o. Ojúlówó ni, gómìnà ló fún wọn. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ta ló ń gbé yàrá apá ọ̀tún, ta ló kọ́ ilé ẹ̀yìnkùlé, ìyá ta ni wọ́n sin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìtàn ẹnu nìkan ló lè sọ ìyẹn. Ìtàn ẹnu náà kò sì lè fi ẹsẹ̀ bàtà wọn ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ wá ìtàn ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ mú méjèèjì dání.

Nílé ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó wọ mọ́tò lọ síbì kankan. Ẹ bá àwọn àgbà jókòó, ìyá àti bàbá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé bí wọ́n bá wà papọ̀, ẹni tó dàgbà jù ló máa sọ, àwọn yòókù á kàn máa mi orí. Ẹ ní kí wọ́n ki oríkì ilé. Ẹ béèrè èèwọ̀ ìdílé, orúkọ oko, orúkọ odò tó pààlà, àti orúkọ àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n gbé àpótí páànù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Ìwé owó orí, rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀, ìwé ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀, ìwé ìsìnkú, fọ́tò tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn, kò sí èyí tí kò wúlò. Bí bébà bá ti gbó, ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ pọ̀ pẹ̀lú sẹ́lótéèpù, ńṣe nìyẹn máa ń pa á jẹ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì kì í bọ inú àpòòwé tó mọ́.

Ibi tó tóbi jù tí ìwé ìjọba àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá wà ni National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Onwuka Dike, òpìtàn tó di olórí yunifásítì náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ló ṣe akitiyan rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ló ti ń rin ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì láti mọ ibi tí ìwé wà àti irú ipò tí wọ́n wà. Ọdún 1954 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, òfin àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde ní 1957, òfin tó rọ́pò rẹ̀ sì jáde ní 1992.

Ẹni tó bá débẹ̀ yóò san owó ìwádìí, wọn yóò sì gbé ìwé atọ́ka fún un, nítorí kò sẹ́ni tó ń wọ inú yàrá fáìlì lọ mú nǹkan fúnra rẹ̀. Orúkọ ọ́fíìsì tó kọ fáìlì ni wọ́n fi to wọ́n, kì í ṣe orúkọ ìdílé tàbí àdúgbò. CSO 26 ni ti akọ̀wé àgbà ìjọba amúnisìn, Comcol ni ti ọ̀gá tó ń ṣàkóso Èkó, Oyo Prof, Abe Prof, Ije Prof àti Ondo Prof sì ni ti àwọn ẹkùn ìgbà náà. Nítorí náà, kí èèyàn tó lọ, ó yẹ kó mọ abẹ́ àkóso ajẹ́lẹ̀ wo ni ìlú rẹ̀ wà ní ọdún tó ń wá. Kó máa kọ nọ́ḿbà fáìlì kọ̀ọ̀kan tó bá kà sílẹ̀, títí kan èyí tí kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò padà wá kà á lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé ìpamọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìwé títà àti rírà ilẹ̀ gan-an, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ló wà. Láti 1883 ni òfin ti wà fún irú ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Nọ́ḿbà mẹ́ta ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀: nọ́ḿbà ìwé, ojú ewé, àti ìdìpọ̀ tí wọ́n dì í mọ́. Bí ẹ bá rí i lára ìwé àtijọ́ kan pé ó wà ní nọ́ḿbà 20, ojú ewé 20, nínú ìdìpọ̀ 350, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ ibi tí yóò na ọwọ́ sí. Ohun kan wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ń wá ìwé ilẹ̀ Mushin tàbí Ìkẹjà. Wọ́n á rí orúkọ Ìbàdàn lára ìwé náà, ọkàn wọn á sì sọ pé gbájúẹ̀ ló ṣe é. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni àwọn ibẹ̀ yẹn wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 títí tí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, Ìbàdàn sì ni olú ìlú.

Àwọn lẹ́tà tí gómìnà Èkó ń kọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti 1861 títí di 1906 wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Bìrìtìkó ní Kew. CO 147 ni àmì wọn, ti gbogbo Nàìjíríà lẹ́yìn náà sì wà lábẹ́ CO 583. Ọ̀fẹ́ ni káàdì òǹkàwé wọn, ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò nílùú òyìnbó lè rán an. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wà ní Yunifásítì Birmingham. Ìdílé tí bàbá ńlá rẹ̀ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Èkó lè bá orúkọ rẹ̀ pàdé nínú ìwé tí àwọn àlùfáà ń kọ ránṣẹ́ sílé. Ìdílé Mùsùlùmí kì í rí púpọ̀ níbẹ̀. Kóòtù, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìròyìn ló máa ń gbè wọ́n jù.

Ìwé ìròyìn yẹn, a ò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìkìlọ̀ àti ìpolówó ilẹ̀ títà ti ń jáde nínú wọn. Nígbà tó sì di àwọn ọdún 1920, tí Èkó Akéte, Elétí Ọfẹ àti Akéde Èkó dé, èdè Yorùbá ni wọ́n ń fi gbé ìròyìn ìsìnkú, ìwúyè àti ìjà ìdílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ọdọọdún tí John Augustus Otonba Payne, ọ̀gá àwọn akọ̀wé kóòtù Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1870. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Èkó ṣe rí láyé ọ̀hún yóò gbádùn rẹ̀.

Rírí fáìlì kọ́ ni ìṣòro tó le jù, bí kò ṣe dídá ara ẹni mọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn òyìnbó kọ orúkọ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Docemo ni wọ́n kọ fún Dòsùnmú, Kòsọ́kọ́ di Cossoko, Ìjẹ̀bú di Jebu, Òṣòdì Tápà sì lè jẹ́ Tappa lásán. Nítorí náà, ẹ pe orúkọ tó wà nínú ìwé sókè, kí etí gbọ́ ohun tí ojú kò rí. Àwọn bàbá wa fúnra wọn sì máa ń pààrọ̀ orúkọ. Àlùfáà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mọ́jọlá Agbébí, David Brown Vincent ló ń jẹ́ títí di 1894. Ẹni tó bá ń wá Agbébí nínú ìwé ọdún 1885 kò ní rí i. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló wà tí wọ́n ní bàbá ńlá méjì nínú ìtàn, tó sì jẹ́ ẹnì kan náà ni, ọ̀kan jẹ́ orúkọ ilé, èkejì jẹ́ orúkọ ìsàmì.

Ọjọ́ orí náà nílò ìmọ̀. Bí ìyá àgbà bá ní ọdún Ìfọ́lé l'Ẹ́gbàá ni wọ́n bí ìyá òun, ọdún 1867 nìyẹn. Ogun Jálumi jẹ́ 1878. Ọdún tí rélùwéè dé Ìbàdàn jẹ́ 1901. Ogun Àdúbí àti àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú, ọdún 1918 ni méjèèjì. Ẹ má ṣe bi àgbà pé ọdún wo ni. Ẹ bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú.

Àwọn ìwé kan wà tí a gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n kà. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn ajẹ́lẹ̀ rin ìlú dé ìlú láti kọ ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ àti ètò oyè sílẹ̀ fún ìjọba, inú fáìlì Ìbàdàn ni púpọ̀ nínú àbọ̀ wọn wà. Ìwúlò wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ohun tí òyìnbó bá kọ lè sọ ẹni tí yóò jọba tàbí ìlú tí yóò wà lábẹ́ òmíràn, nítorí náà ìtàn tó máa gbè wọ́n ni wọ́n sọ fún un. Ẹni tí kò sí nílé lọ́jọ́ tí ajẹ́lẹ̀ dé, ìtàn tirẹ̀ kò wọlé. Bákan náà ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1921. Ọ̀pọ̀ ìtàn tí ìdílé ń sọ lónìí bí ẹni pé láti ẹnu bàbá ńlá wọn ni, inú ìwé yẹn ni bàbá wọn ti kà á. Ẹlẹ́rìí kan ni ìyẹn, kì í ṣe méjì.

Nílé-ẹjọ́, wọ́n mọ̀ pé ẹnu lè yà kúrò lójú ọ̀nà. Láti 1957, nínú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie tó wá láti Gánà, ìlànà tó wà ni pé bí ìtàn apá méjì bá takora, kí adájọ́ má wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn, kó wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́: ta ló ń dáko níbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ní 1976, ilé-ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ yìí ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀, ìtàn ìbílẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ìwé jẹ́ ọ̀kan. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 gbà kí a fi ẹnu sọ ìtàn ìdílé lórí ilẹ̀ àjùmọ̀ní. Ó sì ṣojúure sí ìwé tó bá ti lé ní ogún ọdún, bó bá ti ibi tó yẹ kó wà jáde. Ṣùgbọ́n fọ́tò fáìlì ìjọba tí èèyàn fi fóònù yà kò tó. Ẹ̀dà tí ọ́fíìsì tó ni ín fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ni kóòtù ń gbà.

Bí ìwé ẹ̀yìn ṣe lè gba ìdílé là, ẹjọ́ Olúwa ló fi hàn jù. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ tí Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ní lórí rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń san owó ilẹ̀ gan-an fún. Ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ ni Olúwa, àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n nilẹ̀ l'Ékòó. Ó pàdánù nílé. Ní 1920, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Herbert Macaulay, ní 1921, Privy Council sì dá a láre pé ilẹ̀ àwùjọ ni, owó ilẹ̀ gan-an ló sì tọ́ kí wọ́n san. Nínú ohun tí àwọn adájọ́ náà gbára lé, àbọ̀ ìwádìí kan wà tí Adájọ́ Àgbà Rayner ti kọ sílẹ̀ ní 1898 lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń ni ilẹ̀ ní apá ibí yìí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà nínú fáìlì kí wọ́n tó nílò rẹ̀.

Àwọn mìíràn kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó ṣẹlẹ̀ ní 1924, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ tó ń tún Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928. Nígbà tó di 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín ìlú, wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Inú àwọn ilé yẹn ni sàárè àwọn bàbá wà. Ọmọ tí wọ́n bí sí Sùúrùlérè lè ki oríkì ilé wọn tán, kó má sì mọ ibi tí ògiri ilé náà dé. Àwòrán ilẹ̀ tí àwọn sọ́féyọ̀ yà ṣáájú kí katakata tó dé nìkan ló kù tó lè nàka sí i.

Nígbà tí ẹ bá sì ń to igi ẹbí yín, ẹ má fo àwọn obìnrin. Ẹjọ́ Lopez àti Lopez ti sọ ọ́ l'Ékòó láti 1924 pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ìdílé. Bí bàbá bá sì níyàwó mẹ́ta, tí wọ́n sì fi ìdí-igi pín ogún, orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ ẹni tó ni ìpín wo. Orúkọ àwọn ìyá yẹn ló ṣọ̀wọ́n jù nínú fáìlì ìjọba. Bí ìyá àgbà tó mọ̀ wọ́n bá ṣì wà láyé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ lọ́sẹ̀ yìí, Ìbàdàn ṣì lè dúró.